Àgọ́ Tó Di Ìlú, Àgọ́ Tí Kò Di Ìlú

Orúkọ Àgọ́-Ìwòyè fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé àgọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, ìlú méje kó ara wọn jọ síbẹ̀ láti dáàbò bo ara wọn. Wọ́n rí ilẹ̀ dáko, wọ́n sì ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Lónìí, kò sí ẹni tí ń pe ará Àgọ́-Ìwòyè ní ogúnléndé. Ẹ lè sọ pé ìbátan ni wọ́n, òótọ́ ni.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni Òrù wà, níbi tí a dá ibùdó sílẹ̀ sí ní ọdún 1990 fún àwọn ará Liberia tí ogun lé kúrò nílé. Àwọn ará Sierra Leone wá bá wọn níbẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ibùdó náà ní ọdún 1990 ti di ẹni nǹkan bí ọdún méjìlélógún nígbà tí ipò ogúnléndé àwọn ará Liberia dópin lábẹ́ òfin, ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2012. Ibùdó náà kò di ìlú.

Kì í ṣe pé kò sí ètò. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà, àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì náà, ECOWAS àti UNHCR fọwọ́ sí àdéhùn pé ẹni tí kò bá fẹ́ padà sílé lè gba ìwé ìgbélùú níbí. Àdéhùn tó dára ni. Ṣùgbọ́n a kì í dáko sórí ìwé ìgbélùú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ogun lé kúrò nílé: kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n fìdí kalẹ̀ síbi tí wọ́n sá wá, tàbí kí a kó wọn lọ síbòmíràn. Ti àárín yìí ló kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹni tó sá kúrò ní Borno, tó wá ń ṣe alábàárù ní ọjà Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Nàìjíríà ni. Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ wọ yunifásítì ńkọ́? Wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí baba rẹ̀ sá kúrò ní abẹ́ rẹ̀ ni yóò fún un.

Àwọn kan yóò ní ilẹ̀ kò tó, àti pé a kò mọ ẹni tí ń bọ̀. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021 kan náà, ará Yewa, ọmọ ìpínlẹ̀ Ogun bíi tiwa, sá fún rògbòdìyàn àgbẹ̀ àti darandaran lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n sì rí ẹni gbà wọ́n sílé níbẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ogun kò pọ̀. Ẹni tó bá ti gbé ibì kan fún ọdún márùn-ún, tó sì ń san owó orí, kí ó gba ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ ìjọba yóò kà sí bíi ti ọmọ ìbílẹ̀. Kí ìjọba sì pe àwọn ọba àti ìdílé onílẹ̀ jókòó lórí ilẹ̀ oko tí a lè yá irú wọn, pẹ̀lú àdéhùn tí a kọ sílẹ̀, kí ó tó di pé a tún nílò ibùdó mìíràn.