Àga Ìgbìmọ̀ Kì í Ṣe Ti Olówó Nìkan

Bí ẹgbẹ́ aláàánú tí ń ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ bá pe oníṣẹ́ ọnà tí í ṣe ọ̀làwọ́ wá sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, ó tọ́, ó sì yẹ kí gbogbo wa fi tayọ̀tayọ̀ kí i káàbọ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wo ìwúwo àpò nìkan kí wọn tó fún ènìyàn ní àga. A kò bú olówó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé owó lè ra èbù, kò lè kọ ebè. Ẹni tí ó ti mú ọkọ́ lọ́wọ́ rí ni í kọ́ ọmọ ní ebè kíkọ.

Ẹ wo Olóyè Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ní ọdún 1951. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí ó tọ́ ọ ni ó ti kọ́ aṣọ híhun àti adìrẹ. Nígbà tí iṣẹ́ náà sọ ọ́ di olókìkí, kò há a mọ́wọ́. Ní 1983 ó dá ilé ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ pákí, ìyẹ́ adìẹ àti ewé èlú kò jìnnà sí oko wa. Àwọn ni a fi ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyẹ́ ni a fi ń kọ ọnà ẹ̀kọ sára aṣọ. Bí a bá rẹ aṣọ náà sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu aró. Ọmọ tí kò ní alágbàwí kankan lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré. Àwọn ọmọbìnrin wa kan ti bá ara wọn nídìí òwò ìtìjú ní ilẹ̀ Ítálì. Ní 2006 ìjọba ilẹ̀ náà fi oyè ọlá dá Olóyè Nike lọ́lá, nítorí pé ó fi iṣẹ́ ọnà ran irú wọn lọ́wọ́. Ìwàásù nìkan kò lè ṣe èyí. Iṣẹ́ tí ó ń mú oúnjẹ wá ni ó lè ṣe é.

Àwọn kan yóò bi wá pé kí ni aláró mọ̀ nípa ìṣirò owó ẹgbẹ́. Èsì wa ni pé kí akápò máa ṣírò owó, kí oníṣẹ́ ọwọ́ sì máa wí bí a ó ti ná an kí ọmọ lè dá dúró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nítorí náà, ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ má ṣe pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ nítorí àwòrán àti ìpàtẹ́wọ́ ọjọ́ kan. Ẹ fún un ní ohùn nínú ìpàdé, ẹ sì fún un ní ilé tí yóò ti máa kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin òbí ẹ̀wẹ̀, ẹ má ṣe ka iṣẹ́ ọwọ́ sí àbùkù.

Ẹni tí ó bá wọlé tòun ti iṣẹ́ lọ́wọ́ àti àánú lọ́kàn, káàbọ̀ ni a kí i.