Omi tó ń bọ́ Bodo ló gbé epo wọlé

Ní ìpínlẹ̀ Rivers, lórí ilẹ̀ àwọn Ogoni, ni ìlú Bodo wà. Omi tó yí i ká kì í ṣe odò tó ń ti orí òkè ṣàn wá. Apá òkun ni. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún wọ inú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì ló sì ń fà padà, tí ẹrẹ̀ yóò yọ síta.

Inú ẹrẹ̀ yìí ni igi ẹ̀gbà ń hù sí. Abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni ẹja kéékèèké ń sá sí, ibẹ̀ ni akàn àti ìṣáwùrú fi ṣe ilé. Bí omi bá kún, ọkọ̀ apẹja a gbéra. Bó bá fà, àwọn obìnrin a lọ ṣa ìṣáwùrú. Ohun tí Bodo ń jẹ nìyẹn láti ìran dé ìran.

Ní 1958 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní agbègbè náà. Ní 1993, ilé-iṣẹ́ Shell kó kúrò ní ilẹ̀ Ogoni nígbà tí inú àwọn aráàlú ru. Wọn kò wa epo níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n páìpù ńlá tó ń gbé epo ibòmíràn lọ sí Bonny kò kúrò. Páìpù yìí ló bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní 2008, tí epo sì ń tú jáde fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Omi tó ń kún gbé epo gun orí ẹrẹ̀; omi tó ń fà fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé e dé ibi tí kò dé lánàá. Ẹ̀gbà kú, ẹja pòórá.

Àwọn ará Bodo gbé ẹjọ́ lọ sí London. Ní January 2015, Shell gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn: mílíọ̀nù 35 fún apẹja àti àgbẹ̀ bíi 15,600, mílíọ̀nù 20 fún ìlú. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san ti odò? Wọ́n ti ń fọ ẹrẹ̀, wọ́n sì ti ń tún ẹ̀gbà gbìn, àmọ́ igi kì í ti ọwọ́ agbẹjọ́rò dàgbà.

Kékeré ni à á ti pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tó bá fẹ́ gbé páìpù gba inú irú omi báyìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bó bá bẹ́, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì kó tó dí i. Ọmọ tí wọ́n bí ní Bodo ní 2008 ti tó tukọ̀ báyìí. Odò tí bàbá rẹ̀ mọ̀ ni gbogbo wa jẹ ẹ́.