Ìṣákọ́lẹ̀ Orí Eré Ọmọdé

Bí ọ̀mọ̀wé tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bá ní òun fẹ́ kọ àròkọ lórí eré tí àwọn ọmọdé ń fi ẹ̀rọ ṣe, àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ni ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni, àti nípa ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti tọ́jú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ eré alágbèéká gbọ́dọ̀ lè ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ eré rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó fi pamọ́ síbi tó bá wù ú, láìjẹ́ pé ó ní láti já ẹ̀rọ náà bí olè ti ń já ilẹ̀kùn. Ilé iṣẹ́ tó bá fi ànfààní yìí dù ú ń rẹ́ ẹ jẹ ni.

Nítorí àwa tí a kò bá kọ̀ǹpútà dàgbà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé. Eré inú ẹ̀rọ wọ̀nyí kò rí bí ayò ọlọ́pọ́n tí a lè ta ní ọ̀ta kan kí a sì dìde. Òmíràn wà tí ọmọ yóò fi oṣù mẹ́fà tàbí ọdún mẹ́ta ṣe. Yóò kọ́ ilé, yóò gbin igi, yóò sin ẹranko, yóò sì sọ wọ́n lórúkọ. Nígbà tí ó bá fẹ́ sinmi, ẹ̀rọ náà yóò kọ ibi tó bá iṣẹ́ dé sílẹ̀, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní "save" nìyí. Àkọsílẹ̀ eré ni èmi yóò máa pè é. Bí eré náà fúnra rẹ̀ bá sọnù, a lè tún òmíràn rà. Àkọsílẹ̀ eré kò sí lọ́jà, nítorí pé ẹni tó ṣe é nìkan ló ní in. Bí ó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Kì í ṣe òní ni àkọsílẹ̀ eré ti ń sọnù. Nígbà tí Nintendo ti ilẹ̀ Jàpáànì gbé Game Boy jáde ní ọdún 1989, inú kátíríìjì eré ni àkọsílẹ̀ máa ń wà, bátìrì pẹlẹbẹ kan tó rí bí owó ẹyọ ni ó sì ń gbé e ró. Bí bátìrì náà bá kú, àkọsílẹ̀ a parẹ́. Ìdí nìyí tí kátíríìjì Pokémon tó kọ́kọ́ jáde ní Jàpáànì ní ọdún 1996 fi ń gbàgbé gbogbo ohun tí ọmọ fi í ṣe nígbà tí bátìrì rẹ̀ bá gbó. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ibi tí ìmọ̀ dé nígbà náà ni. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré wà tí a lè so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí yóò ka kátíríìjì Game Boy, tí yóò sì da àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ kọ kí á tó pààrọ̀ bátìrì. A kò fọwọ́ kan inú Game Boy rárá.

Sony, tí òun náà jẹ́ ilé iṣẹ́ Jàpáànì, fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004 ni wọ́n gbé PSP jáde. Orí káàdì Memory Stick ni àkọsílẹ̀ eré rẹ̀ ń wà. Ẹni tó bá ní in yóò fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò ṣí àpò tí a kọ PSP sí lára, yóò rí àpò SAVEDATA nínú rẹ̀, yóò sì dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tán. Kò san owó, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí PS Vita dé ní ọdún 2011, wọ́n fi àgádágodo kún un: ètò kan tí wọ́n ń pè ní Content Manager Assistant ni yóò kó ẹ̀dà sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà náà kò sì ní ṣí fún ẹni tí kì í ṣe oní-nǹkan. Síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, inú ilé ẹni ni ẹ̀dà náà sì wà. Ní ọdún 2011 kan náà, Nintendo ta 3DS fún ayé. Lórí èyí, a lè ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ eré tí a rà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún eré tí a rà ní káàdì lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ilẹ̀kùn ti ń sé díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tí Switch dé ní oṣù kẹta ọdún 2017 ni ó wá sé gbọin. Inú ikùn ẹ̀rọ ni àkọsílẹ̀ eré ń gbé. A lè ra káàdì microSD kí á kó eré sí i, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ eré kò lè bá a lọ. Bí ẹ̀rọ bá bọ́ sómi, tàbí tí olè gbé e, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ọdún kan àbọ̀ ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà àbáyọ yóò fi dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ọ̀nà olówó ni. Ẹni tó bá ń san nǹkan bí ogún dọ́là lọ́dún ní Amẹ́ríkà ni yóò lè fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní àwọsánmà. Bí ó bá dẹ́kun owó sísan, kò lè fọwọ́ kan ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Bí ó bá padà wá san án láàárín 180 ọjọ́, wọn yóò jẹ́ kí ó rí i. Ìlérí wọn kò kọjá ibẹ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n fi ọ̀nà ọ̀fẹ́ kan kún un tí a lè gbà gbé àkọsílẹ̀ láti inú Switch kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n gbígbé ni, kì í ṣe dídàkọ: nígbà tí ó bá dé inú èkejì, yóò parẹ́ nínú èkíní. Switch 2 tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2025 kò tún èyí ṣe.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn eré kan wà tí wọn kò gbà sí àwọsánmà náà rárá, bí ènìyàn tilẹ̀ san owó. Ọ̀kan nínú wọn ni Animal Crossing: New Horizons, tó jáde ní ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé ayé mọ́lé. Erékùṣù kan ni olúkúlùkù ń tún ṣe nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọn kò lè péjọ lójúkojú ń péjọ síbẹ̀; àwọn kan tilẹ̀ ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀. Ó di ìparí oṣù keje ọdún náà kí ilé iṣẹ́ tó gbà láti máa tọ́jú ẹ̀dà erékùṣù, fún ẹni tó bá ń san owó ọdọọdún, àti fún ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù nìkan.

Àwa Yorùbá mọ ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó bá dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ yóò máa mú nǹkan wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, kí ó lè hàn pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. N kò sọ pé àṣà náà kò ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ti dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ wo ni a gbọ́ pé ó ní kí àgbẹ̀ má ṣe gbé iṣu tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè rẹ̀ lọ sílé, àfi bí ó bá san owó àká? Onílẹ̀ ni ó ni ilẹ̀, àgbẹ̀ ni ó ni iṣu. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ilé iṣẹ́ ni ó ni eré, n kò bá wọn du ìyẹn. Ẹni tó ṣeré ni ó ni àkọsílẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ra ẹ̀rọ, ó ti ra eré, gbogbo gbèsè ti tán. Ìṣákọ́lẹ̀ kẹta yìí, orí kí ni wọ́n ń gbà á?

Àwọn kan yóò ní ogún dọ́là lọ́dún kò tó nǹkan. Ẹni tó ń gba owó rẹ̀ ní náírà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì tilẹ̀ tó nǹkan, ìbéèrè mi dúró síbẹ̀: bí ilé iṣẹ́ bá dẹ́kun iṣẹ́ ìtọ́jú yìí lọ́la ńkọ́? Kì í ṣe àbá lásán ni mo ń dá. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Nintendo ti ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì 3DS. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n pa eré àjọṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìgbà tó bá wù ú ni yóò ṣíwọ́ lórí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ mi kọ́ mi nìyí pẹ̀lú. Ẹsẹ Ifá kò parẹ́ nítorí pé kò sí babaláwo kan ṣoṣo tó dá a mú. Orí púpọ̀ ni ó wà, ní ìlú púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ babaláwo kí ó tó lè rántí ohun tó kọ́. Nígbà tí à ń gba ohùn àwọn oníjàálá sínú kásẹ́ẹ̀tì ní àwọn ọdún 1990, ohun àkọ́kọ́ tí à ń ṣe bí a bá ti délé ni pé a óò gbé e sórí kásẹ́ẹ̀tì kejì, a óò sì kó o sí yàrá mìíràn. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì tó wá béèrè owó lọ́wọ́ wa lórí ìyẹn.

Àwọn ilé iṣẹ́ ní àwíjàre, ó sì yẹ kí á gbọ́ ọ. Èkíní, wọ́n ní bí ènìyàn bá lè ṣe ẹ̀dà, yóò fi rẹ́ni jẹ: yóò fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ohun iyebíye inú eré, yóò dá ẹ̀dà àtijọ́ padà, ohun náà yóò sì di méjì. Tàbí kí wọ́n fìdí rẹ̀ gbolẹ̀ nínú ìdíje, kí ó dá ẹ̀dà padà, kí ipò rẹ̀ má bàa wálẹ̀. Òótọ́ ni pé èyí lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò ìdíje jẹ́ ohun tí ilé iṣẹ́ lè kọ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó fi ilé àti igi tí ọmọ gbìn sílẹ̀ fún ọmọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Èkejì, wọ́n ní àwọn ọ̀daràn ń gba inú àkọsílẹ̀ eré já ẹ̀rọ. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Ní ọdún 2006, inú àkọsílẹ̀ eré kan ni wọ́n gbà wọ inú PSP. Ní ọdún 2008, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Wii. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: lẹ́yìn 2006, ǹjẹ́ Sony gba ẹ̀dà ṣíṣe lọ́wọ́ ẹni tó ra Vita? Rárá. Àgádágodo ni wọ́n fi sí ẹ̀dà náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ oní-nǹkan. Steam Deck tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2022 ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ni ín lè ṣí àpò inú rẹ̀ kí ó da àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ, àwọsánmà tirẹ̀ kò sì gba owó. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò tíì wó. Ó hàn nígbà náà pé kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Wọn kò fẹ́ ni.

Ohun tí ìfúnpá yìí sì ń bí gan-an ni ohun tí wọ́n ní àwọn ń sá fún. Ọmọ tí kò wá eré jíjí, tó kàn fẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n ń tì sọ́wọ́ àwọn tí ń yọ ètò ìdarí ilé iṣẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń fi tiwọn rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá ṣe é ní Amẹ́ríkà, òfin kan tó ti wà láti ọdún 1998 lè mú un, nítorí pé ó já àgádágodo orí iṣẹ́ oníṣẹ́. Nínú àdéhùn tí Nintendo tún ṣe fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn lè sọ ẹ̀rọ ẹni tó bá ṣe irú èyí di aláìwúlò títí láé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ onílé, wọ́n sì ní bí ó bá gba ojú fèrèsé, àwọn yóò wó ilé náà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ra ẹ̀rọ wọ̀nyí fún ọmọ, ẹ má ṣe béèrè iye owó rẹ̀ nìkan lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ẹ béèrè ibi tí àkọsílẹ̀ eré ń gbé, àti bóyá a lè dà á kọ. Ẹni tí PSP tàbí Vita ṣì wà nílé rẹ̀, kí ó da tirẹ̀ kọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó ní 3DS, kí ó ṣe ti àwọn eré tó bá gbà á láyè. Ẹni tó ní Switch, bí agbára rẹ̀ bá gbé e, kí ó san owó náà nítorí ọmọ, ṣùgbọ́n kí ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pé tipátipá ni òun fi san án. Àwọn aṣòfin tí ń jiyàn lórí ẹ̀tọ́ òǹrajà ní ilẹ̀ gbogbo ní láti kọ ọ́ sínú òfin pé ẹ̀rọ tó bá gba iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn sínú gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà ọ̀fẹ́ tí yóò gbà dá a padà fún un.