Kí Ni Ká Rà fún Ìyá Tó Ń Fún Ọmọ Lọ́mú?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tọkọtaya máa ń mú wá bá wa lẹ́yìn ìkómọjáde: kí ni kí àwọn rà, kí ọmọ má baà pàdánù ọmú nígbà tí ìyá rẹ̀ bá padà sẹ́nu iṣẹ́? Ọjà kún ìgboro, owó kò sì tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́sẹẹsẹ.

Kí á tó ná owó, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí ọmọ nílò. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbà wá níyànjú pé kí ọmọ mu ọmú láàárín wákàtí kan tí a bí i, kí ó mu ọmú nìkan fún oṣù 6, lẹ́yìn náà kí ó máa mu ún pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin màmá wa àgbà, a mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú yín sọ pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n omi tó wà nínú ọmú tó o, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: omi tí kò mọ́ àti àgbo lè di ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ ọwọ́.

Èkíní, ọwọ́ ìyá ni irinṣẹ́ tí a kì í fi owó rà. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá sí ẹ̀yìn ibi dúdú tó yí orí ọmú ká, kí ó tẹ̀ ẹ́ sí ìhà àyà, kí ó fún un, kí ó sì dẹ ọwọ́. Kì í ṣe orí ọmú ni a ń fà. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn lè kọ́ ọ.

Èkejì ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní pọ́ǹpù. Ó wúlò fún ìyá tó ń pẹ́ níbi iṣẹ́. Èyí tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ kì í dúró de iná mànàmáná. Ẹ ra èyí tí a lè tú palẹ̀ pátápátá láti fọ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì bá orí ọmú mu. Bí ó bá ń dunni, kò bá a mu nìyẹn. Ẹ yẹra fún oríṣi àtijọ́ tó ní rọ́bà roboto bíi fèrè ọkọ̀, nítorí omi ọmú máa ń wọnú rọ́bà náà, fífọ̀ rẹ̀ kì í sì í tó. Ẹ má sì ra àlòkù: kòkòrò àrùn lè fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí a ó fi tọ́jú rẹ̀: ike mímọ́ tó ní ìdérí, àti kúlà kékeré tó ní yìnyín. Bí ooru yàrá kò bá ju 25°C lọ, omi ọmú lè wà fún wákàtí 4. Yàrá tiwa sábà máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nínú kúlà oníyìnyín, wákàtí 24. Nínú fírìjì tó tutù dáadáa, ọjọ́ 4. Níbi tí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ má kó ti ọjọ́ púpọ̀ jọ. Ti ọ̀la ti tó. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sára ike. Inú abọ́ omi gbígbóná ni kí ẹ ti mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Èyí tí ọmọ bá mu kù, kí ó má ju wákàtí 2 lọ kí ẹ tó dà á nù.

Ẹ̀kẹrin, ife tàbí fídà? Ife ẹlẹ́nu gbígbòòrò rọrùn láti fọ̀, ọmọ tuntun pàápàá sì lè lá a mu bí a bá gbé e jókòó; ẹ má dà á sí i lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ràn fídà, méjì tó. Ẹ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n sì kọ sára rẹ̀ pé kò ní BPA, èròjà tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù kà léèwọ̀ nínú fídà ní 2011, tí Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 2012. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 5 nínú omi tó ń hó, ẹ sì ju rọ́bà orí rẹ̀ nù bí ó bá ti sán. Ẹ má fi fídà ti ọmọ lẹ́nu kí ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó lè há a lọ́fun.

Ní ti wàrà alágolo, àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò lè ṣe aláìmu ún, bí ìyá bá kú tàbí tí dókítà bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi irú ìyá bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo nọ́ḿbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ má bomi là á kí agolo lè pẹ́; ebi ni ẹ fi ń pa ọmọ. Omi tí ẹ sè, tí kò tíì kúrò ní 70°C, ni kí ẹ fi pò ó, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù kí ọmọ tó mu ún. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí àwòrán ọmọ sísanra rà á. Ní 1981 ni Àpéjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà tó tako ìpolówó rẹ̀. Nàìjíríà sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990.

Irinṣẹ́ tó ṣọ̀wọ́n jù lọ ni àyè. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́, Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà láti 1974 sọ pé kí obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú máa gba ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láàárín àkókò iṣẹ́. Ǹjẹ́ olùkọ́ yín ń rí i gbà? Ṣé yàrá mímọ́ kan wà tó lè tilẹ̀kùn mọ́ra, àbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń sá sí? Bí òṣìṣẹ́ yín bá ń fi omi ọmú ṣòfò sára aṣọ, pọ́ǹpù olówó ńlá kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ rántí Elkana. Nígbà tí Hanna ní òun kò ní í lọ sí Ṣilo àfi ìgbà tí òun bá já Samueli lẹ́nu ọmú, ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ fọ ike, ẹ sè é, ẹ gbé ọmọ kí ìyá sùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ síbi ìkómọjáde, ẹ má gbé fídà ẹ̀kẹfà lọ. Ẹ gbé kúlà kékeré, ife, ọṣẹ, tàbí ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyá yóò jẹ. Ìyá tó jẹun, tó sì sinmi, ni yóò lè tọ́jú ọmọ. Kí Olúwa wo àwọn ọmọ wa dàgbà. Àmín.