Ilẹ̀ Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006, ìbúgbàù kan wáyé nínú ihò èédú Sago ní ìpínlẹ̀ West Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Awakùsà 13 ni kò rí ọ̀nà jáde. Àwọn tí ìbúgbàù náà kò pa ta aṣọ láti fi dènà èéfín olóró, wọ́n sì ń fi òòlù lu irin àjà ihò, bóyá àwọn tó wà lórí ilẹ̀ yóò gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tí àwọn adóòlà ẹ̀mí fi dé ọ̀dọ̀ wọn, lẹ́yìn ohun tó lé ní wákàtí 40, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù láàyè.

Ikú wọn wà lára ohun tó bí òfin MINER Act lọ́dún náà. Òfin yìí ní kí ihò èédú gbogbo ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ aláìlówáyà láàárín ọdún 3, àti èyí tí yóò máa fi ibi tí òṣìṣẹ́ wà hàn. Àmọ́ nígbà tí gbèdéke pé ní 2009, àjọ MSHA tó ń bójú tó ààbò awakùsà gbà pé ẹ̀rọ tí kò ní wáyà rárá kò tíì dójú ìwọ̀n, wọ́n sì fàyè gba èyí tó ṣì ń lo wáyà díẹ̀. Òfin lè pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́. Kò lè pàṣẹ fún òkúta.

Ìgbì rédíò bíi ti fóònù kì í rìn jìnnà nínú ilẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi yíjú sí òòfà: wọ́n á ká wáyà bí òrùka ńlá, wọ́n á gbé iná mànàmáná tí ń yí padà gba inú rẹ̀, òòfà tó bá tibẹ̀ jáde á sì la òkúta kọjá. Lójú òòfà, afẹ́fẹ́, omi àti ọ̀pọ̀ òkúta kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ó wá rọrùn láti sọ pé ilẹ̀ kò lè dí i lọ́wọ́.

Àsọdùn ni. Amọ̀ tútù, omi oníyọ̀ àti òkúta tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí iná mànàmáná rìn. Bí òòfà tí ń yí padà bá gba ibẹ̀, á dá iná kéékèèké sílẹ̀ nínú ilẹ̀, iná wọ̀nyí á sì bí òòfà tiwọn tí ń tako ti àkọ́kọ́. Bí ìyípadà náà bá ṣe yára tó ni àdánù ṣe ń pọ̀ tó. Bí wọ́n bá dín ìyára kù, ọ̀rọ̀ tó lè gbé á dín kù pẹ̀lú, ohùn á di ìwé ṣókí. Kódà láìsí amọ̀ rárá, bí ìjìnnà bá di ìlọ́po 2, agbára òòfà náà á já sí ìdá kan nínú 8.

Wíwá ibi tí ènìyàn há sí ló léwu jù. Ojú irin, àwọ̀n irin àti wáyà iná inú ihò lè tẹ òòfà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tí kò dún ketekete, ènìyàn lè tún un sọ. Ibi tí ẹ̀rọ ṣì tọ́ka sí kì í kéde ara rẹ̀. Wọ́n á kàn gbẹ́ ihò ìdóòlà síbi tí kò sẹ́nì kankan.

Nítorí náà, iye mítà tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ kò ṣeé gbára lé. Ó yẹ kí aláṣẹ béèrè fún ìdánwò nínú ihò kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ àti nígbà tó mumi yó. Yóò náni lówó, àwọn ilé-iṣẹ́ á sì kùn. Kí òṣìṣẹ́ kan lọ dúró síbi tó jìn jù nínú ihò, kí àwọn tòkè wá a láìmọ ibi tó wà, kí wọ́n sì kọ iye mítà tí wọ́n fi ṣì í sílẹ̀.