Ìwúwo Kọ́ Ni Agbára Ańpílífáyà

Bí ẹ bá tẹ̀lé ìgbìmọ̀ ìjọ kan láti Kabba lọ ra ańpílífáyà ní Lokoja tàbí Ìlọrin, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé e wò. Èyí tó bá fa apá wọn wálẹ̀ ni ojúlówó lójú wọn. Èyí tí ọmọdé lè gbé lọ́wọ́ kan, wọ́n á ní kò lè dúró de ìdájí nínú ìsìn àìsùn. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ohùn yá onínàáwó láti Iyara dé Mopa náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ańpílífáyà ti jẹ́ kí gìtá àti gángan jọ máa dún ketekete nínú ẹgbẹ́ jùjú, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, agbára káká la fi ń ṣe ìnáwó láìsí i, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mo fẹ́ bá wọn jiyàn lórí apá kan rẹ̀, kí n sì gbè sẹ́yìn wọn lórí apá kejì.

Ohun tó ń wúwo nínú ańpílífáyà àtijọ́ ni tíránsífọ́mà: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, tí wọ́n wá wé wáyà bàbà mọ́. Òun ló ń gba iná 240 volt láti ara ògiri, tó ń sọ ọ́ di ìwọ̀n tí ẹ̀rọ inú lè lò. Iná wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àlọ àtàbọ̀ yẹn bá ṣe ń falẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni irin àti bàbà tó máa gbé e á ṣe pọ̀ tó. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ òfuurufú ti mọ èyí tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí iná inú bàálù ńlá fi ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 400, kí irin tí wọ́n ń gbé fò lè dín kù.

Èyí tó fúyẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Á kọ́kọ́ sọ iná ògiri di DC (iná tí kì í lọ, tí kì í bọ̀) tó tó nǹkan bí 340 volt, lẹ́yìn náà ni tiransísítọ̀ á máa gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ní ìgbà 50,000, ìgbà 100,000, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Tíránsífọ́mà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ju ìkúùkù lọ. Ẹni tó ń fi garawa ńlá pọnmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tó ń fi igbá kékeré sáré pọn ọ́n láìsinmi, àmù kan náà ni àwọn méjèèjì lè pọnmi kún. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ fífúyẹ́ kò lè gbé báàsì jáde kò rí i dáadáa. Irọ́ tí wọ́n kọ sára páálí ló ń pa báàsì. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 10,000 watt sí lára, tó sì jẹ́ pé pulọ́ọ̀gì amp 13 kan ṣoṣo ló fi ń gba iná: 240 lọ́nà 13 kò ju 3,120 lọ. Báwo ni agbára tí kò wọlé ṣe máa jáde láti alẹ́ di òwúrọ̀? Irọ́ yìí sì wà lára ẹ̀rọ wíwúwo bó ṣe wà lára fífúyẹ́.

Iná tiwa gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀rọ tuntun yìí. Ní Kabba, bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, tí gbogbo ilé tanná, iná lè já wálẹ̀ sí 160 volt. Ańpílífáyà onítíránsífọ́mà tó ń fúnni ní 500 watt tẹ́lẹ̀ kò ní lè fúnni ju nǹkan bí 220 lọ mọ́, torí bí volt bá dín, agbára ohùn ń dín jù ú lọ fíìfíì. Oníwàásù á gbé ohùn sókè, ohùn á sì máa ya. Ẹ̀rọ fífúyẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn lè ṣiṣẹ́ láti 100 volt dé 260. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù ní May 2023, àwọn ìjọ púpọ̀ ti yà sí inverter àti iná oòrùn. Èyí tó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú nínú àwọn inverter wọ̀nyí, ìgbì iná rẹ̀ kò dán, tíránsífọ́mà ńlá á máa kùn lórí rẹ̀, á sì máa gbóná. Èyí tó fúyẹ́ kì í bínú sí i.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ńkọ́?

Bí tíránsífọ́mà bá jóná, oníṣẹ́ ọwọ́ wà tó máa tú u, tó máa ka iye ìgbà tí wáyà yí i po, tó máa wé bàbà tuntun sí i. Kó tó di Sátidé, ẹ̀rọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti èyí tó fúyẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí wáyà nútírà já lórí òpó lákòókò ìjì, kí iná ilé kan sáré lọ sí 350: DC inú ẹ̀rọ yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 495, bẹ́ẹ̀ 400 tàbí 450 ni wọ́n kọ sára kapásítọ̀ rẹ̀. Á bẹ́, á sì kó tiransísítọ̀ àti IC dání. Oníṣẹ́ á tú ẹ̀rọ, á rí i pé wọ́n ti ha nọ́ńbà orí IC kúrò. Ẹni tó tà á á ní kí wọ́n lọ ra òmíràn. Ó ń dùn mí gan-an, torí owó ọrẹ àwọn ìyá tó ń ta iṣu àti gààrí ni.

Ohun tí mi ò gbà ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Kabba ti ń bá irú ẹ̀rọ yìí jìjàkadì láti ayé tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní chopper, òun náà nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé gílóòbù watt 100 ni èèyàn ń so mọ́ ojú ọ̀nà iná kó tó tan ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, kí iṣẹ́ má bàa padà sẹ́sẹ̀ àárọ̀. Wọ́n mọ̀ pé kapásítọ̀ ṣì ń gbé 340 volt lẹ́yìn tí a ti yọ pulọ́ọ̀gì, pé ó lè pa èèyàn, pé gílóòbù ni a fi ń mu iná rẹ̀ tán, kì í ṣe síkúrùdíráfà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá oníańpílífáyà rán ọmọ iṣẹ́ wọn lọ bá wọn jókòó fún oṣù mélòó kan. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ àti ẹ̀yin tó ń fi ẹ̀rọ yáni, ẹ ra ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ bó bá ti ga jù, kẹ́ ẹ fi sáàárín ògiri àti ańpílífáyà. (Sitabiláísà ńlá náà lè ṣe é, àmọ́ tíránsífọ́mà ló kún inú rẹ̀, ẹ tún ti gbé irin tẹ́ ẹ sá fún padà wálé.) Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní bọ́ọ̀dù pawásápùláì (apá tó ń gba iná) ẹ̀rọ yẹn nílẹ̀, iye tó ń tà á, àti ọdún mélòó tó ṣì máa fi ní in nílẹ̀. Kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i. Bó bá ní òun ò lè kọ ọ́, ẹ gbé èyí tó wúwo.