Ẹ Má San Owó Tó Kù fún Oníṣẹ́ Sólà Tí Kò Ṣe Earthing

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti gbogbo agbègbè wa,

Ọ̀rọ̀ tòní le díẹ̀. Sólà ti wọ oko wa: ẹni tó ń fa omi borehole sí adágún ẹja, ẹni tó ń tan iná sí ilé adìyẹ, ẹni tó ní fìrísà. A so ó pọ̀ mọ́ iná NEPA kí ọ̀kan máa ran èkejì lọ́wọ́. Ó dáa. Ohun tí kò dáa ni ohun tí àwọn oníṣẹ́ kan ń sọ fún wa: "Bàbá, ẹ má dara yín láàmú, sólà ò nílò earthing."

Irọ́ ni. Irọ́ tó lè pa èèyàn sì ni.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn òjò, ọ̀kan nínú wa fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn onírin ilé adìyẹ rẹ̀. Iná gbé e, ó là á mọ́lẹ̀. Wáyà kan ló ti bó, iná sì gba ara irin dé ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́run ló yọ ọ́. A wá gbogbo àyíká ilé, a ò rí ọ̀pá earth kankan. Oníṣẹ́ sì ti gba owó rẹ̀ pé!

Iná tó bá bọ́ sára irin ń wá ọ̀nà tó máa gbà lọ. Bí wáyà earth bá wà, ibẹ̀ ló máa gbà. Bí kò bá sí, ara ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló máa fi ṣe ọ̀nà. Páńẹ́lì mẹ́jọ tí wọ́n so tẹ̀ léra lè gbé ju 300 volt lọ, bẹ́ẹ̀ 230 ni ti NEPA. Ṣé èyí ni kò nílò earthing?

Ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n jìbìtì mẹ́ta yìí:

1. Wọ́n á ri irin kọnkéré kúkúrú mọ́lẹ̀, wọ́n á da iyọ̀ àti èédú sí i. Òjò á fọ iyọ̀ lọ, iyọ̀ kan náà á sì ti jẹ irin. Ọ̀pá tí wọ́n fi bàbà bò, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 ó kéré tán, ni kẹ́ ẹ béèrè.

2. Wọ́n á so earth mọ́ neutral nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí neutral bá já, gbogbo ara fìrísà di iná.

3. Wọ́n á ri ọ̀pá kan fún páńẹ́lì, òmíràn fún ilé, láì so wọ́n pọ̀. Bí àrá bá sán nítòsí, inú inverter ni iná máa gbà láti ọ̀pá kan bọ́ sí èkejì. Ilé kan, earth kan!

Ilẹ̀ wa náà ń ṣagídí. Yangí àti àpáta pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa. Ọ̀pá tó tó lóṣù Keje lè má tó lóṣù Kejì. Ẹ ní kí wọ́n fi earth tester wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ iye ohm sílẹ̀ fún yín. Bó bá pọ̀ jù, kí wọ́n fi ọ̀pá kún un, kí wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ béèrè RCD pẹ̀lú, èyí tó ń já bí iná 30 milliamp péré bá ṣìnà. Kí wọ́n fi tester dán an wò nígbà tí NEPA wà àti nígbà tí kò sí, torí àwọn inverter mìíràn ń já neutral kúrò lára earth bí NEPA bá lọ, RCD á wá fọ́jú. Bọ́tìnì ara rẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ẹnìkan á ní, "Tèmi ti lo ọdún mẹ́ta, nǹkan kan ò ṣe." Ẹni tí ejò ò tíì bù jẹ, ṣé ó ní kò séjò nínú igbó ni? Ẹlòmíràn á ní Ọlọ́run ni aláàbò. Àmín o. Síbẹ̀, a ń wọ bàtà lọ sóko. Àwa tí Ìrè, ìlú Ògún, wà lọ́dọ̀ wa, ó yẹ ká mọ̀ pé irin kì í ṣojúure sí aláìbìkítà.

Ẹ má ṣe é fúnra yín o. Ẹ bi oníṣẹ́ bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò. Ẹ di owó tó kù mú títí ẹ fi máa fojú rí ọ̀pá, tẹ́ ẹ fi máa rí iye ohm. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Owó earthing kò tó owó pósí.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.